Iye tó wà lórí gíláàsì: ọ̀rọ̀ Dodge Demon ọdún 2018 àti àwọn alágbàtà rẹ̀

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2017, nílùú New York, ilé-iṣẹ́ Dodge ṣí aṣọ lórí ọkọ̀ kan tí wọ́n ti ń fi fídíò kéékèèké ta aráyé létí nípa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Challenger SRT Demon ni wọ́n pè é. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 808 bó bá jẹ́ pé epo tí wọ́n ń tà ní ilé-epo ni wọ́n rọ sí i, ó sì ń di 840 bí ẹni tó ni ín bá rọ epo ìje. Títí di ìgbà náà, kò sí ìkankan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńláńlá Amẹ́ríkà tó tíì ta V8, ìyẹn ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ fún aráàlú. Nígbà tí wọ́n wá kéde iye owó rẹ̀, dọ́là 84,995 ni.

Ẹni tó bá mọ ọjà ọkọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé owó yẹn kéré sí ohun tí wọ́n fẹ́ tà. Ó sì mọ̀ pé 3,300 péré ni wọn yóò ṣe: 3,000 fún Amẹ́ríkà, 300 fún Kánádà. Nǹkan tó dára, tó pọ́ọ́kú, tí kò sì ní kárí, a mọ ibi tí irú rẹ̀ máa ń já sí. Dodge náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gbìyànjú láti ṣe nǹkan sí i kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní fákítórì. Ohun tí wọ́n ṣe, ibi tí agbára wọn dé àti ibi tí kò dé, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ dìde ní gbangba láti gba oníbàárà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn alágbàtà tí òun fúnra rẹ̀ ń kó ọjà fún.

Hellcat ni wọ́n ti kọ́gbọ́n. Ní 2014 ni Dodge gbé Challenger SRT Hellcat jáde gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2015: ẹ́ńjìnnì Hemi V8 lítà 6.2, agbára ẹṣin 707, dọ́là 59,995 kí a tó ka owó ìgbékọ̀ àti owó-orí. Lákòókò yẹn, ẹni tó bá ń wá agbára tó lé ní 700 nínú ọkọ̀ tuntun, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì ni yóò gbà lọ, pẹ̀lú owó tó tó kọ́ ilé. Òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù wá rí i pé òun náà lè ní in. Èèyàn ya bo ọjà. Àwọn alágbàtà ń gba owó ìdúró lórí ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ kò tíì pín fún wọn, àwọn mìíràn sì gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lé orí iye tó wà nílẹ̀. Nígbà tó di 2015, Dodge ní láti dá gbígba ìwé àṣẹ dúró fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n lè mọ èwo ló jẹ́ ti oníbàárà gidi àti èwo ni kò sí ẹni kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n kọ́kọ́ lo ọgbọ́n kan tó wù mí púpọ̀. Wọ́n ní iye ọjọ́ tí Hellcat bá fi dúró sí ọgbà alágbàtà ni àwọn yóò máa wò kí àwọn tó fún un ní òmíràn. Alágbàtà tó bá gbé owó lé ọkọ̀ títí ọkọ̀ náà fi pẹ́ nílẹ̀, ìpín rẹ̀ yóò dín kù. Ẹni tó tà á kíá ni wọn yóò kó òmíràn fún. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé iye báyìí ni kó tà. Ohun tó wà níkàáwọ́ wọn, ìyẹn pípín ọkọ̀, ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Orí ìmọ̀ yìí ni gbogbo ètò Demon dúró lé.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ọ̀rọ̀ owó, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí owó náà ń rà, torí pé láìmọ ẹ́ńjìnnì yìí, èèyàn lè rò pé nítorí orúkọ lásán ni àwọn kan ṣe ń san ìlọ́po méjì.

Epo kì í dá jó. Afẹ́fẹ́ ló ń bá a jóná, bí afẹ́fẹ́ bá sì ṣe pọ̀ tó nínú sílíńdà ni epo tí a lè jó nínú rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ́ńjìnnì lásán, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí písítọ́ọ̀nù bá lè fà wọlé nìkan ló máa rí lò. Supercharger ni ẹ̀rọ tó jókòó sórí ẹ́ńjìnnì, tí bẹ́líìtì láti ara ẹ́ńjìnnì náà ń yí, tó sì ń fipá ki afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà ju ohun tí písítọ́ọ̀nù lè fà lọ. Ti Hellcat jẹ́ lítà 2.4. Ti Demon jẹ́ 2.7. Ìfúnpá afẹ́fẹ́ kúrò ní 11.6 psi, ó di 14.5. Lóòótọ́, ara ẹ́ńjìnnì Hellcat kò lè gba gbogbo ìyẹn bẹ́ẹ̀ kó má fọ́, nítorí náà wọ́n pààrọ̀ písítọ́ọ̀nù, wọ́n pààrọ̀ ọ̀pá tó so ó mọ́ kíráǹkì, wọ́n sọ ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé di ńlá, wọ́n sì fún bulọ́ọ̀kù tuntun náà ní ọ̀dà pupa. Gbogbo ẹ̀yà pàtàkì tí wọ́n pààrọ̀ tàbí tí wọ́n tún ṣe jẹ́ 25.

Afẹ́fẹ́ tí a bá fipá há mọ́ ibi tóóró máa ń gbóná, ooru sì ni ọ̀tá irú ẹ́ńjìnnì yìí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ó sì ń jẹ́ kí epo gbiná kí púlọ́ọ̀gì tó tàn án. Gbogbo mẹkáníìkì mọ ìró yẹn, bí ìgbà tí òkúta bá ń kan irin nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́rọ Dodge gbà yanjú rẹ̀ dùn mọ́ mi gidigidi: wọ́n gba gáàsì tútù éè-sì ọkọ̀ kúrò ní ibi tí awakọ̀ jókòó sí, wọ́n darí rẹ̀ síbi omi tó ń tu afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì lára. Bí awakọ̀ bá fẹ́ sáré ìje, òun ni yóò farada oòrùn. Bí wọ́n bá sì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ìje, ẹ̀rọ atutù náà kì í kú pẹ̀lú rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lọ kí ara ọkọ̀ lè tutù fún ìje tó kàn.

Agbára kì í wúlò bí kò bá dé ilẹ̀. Táyà ẹ̀yìn Demon jẹ́ ti Nitto tí wọ́n ṣe fún ìje tààrà, ó fẹ̀ tó mìlímítà 315, ó sì rọ̀ débi pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Wọ́n tún fi TransBrake sí i, ohun tí ọkọ̀ aráàlú kan kò tíì gbé jáde ní fákítórì rí. Ọkọ̀ jíà aláìfọwọ́yí, bíréèkì ẹsẹ̀ la fi ń dá a dúró nígbà tí a bá ń mú ẹ́ńjìnnì gbéra, ṣùgbọ́n tí agbára bá ti pọ̀ jù, táyà ẹ̀yìn yóò borí bíréèkì. TransBrake ń ti ọ̀pá tó jáde látinú gíábọ́ọ̀sì pa. Awakọ̀ lè mú ẹ́ńjìnnì dé ìyípo 2,350 ní ìṣẹ́jú kan láìjẹ́ pé táyà yí rárá, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ láti ara ọwọ́ kékeré tó wà lẹ́yìn sítíárìn. Bó bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí, táyà iwájú méjèèjì ni yóò gbéra nílẹ̀. Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ náà fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2.92.

Ìdámẹ́rin máìlì, Demon sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 9.65, ó sì ń lọ ní máìlì 140 láàárín wákàtí kan nígbà tó dé òpin. NHRA, ẹgbẹ́ tó ń ṣe òfin ìje tààrà ní Amẹ́ríkà, fìdí àkókò náà múlẹ̀, wọ́n sì tún kọ lẹ́tà pé àwọn kò ní jẹ́ kí ó sáré bẹ́ẹ̀ lórí pápá àwọn, nítorí ọkọ̀ tó bá sáré tó kéré sí ìṣẹ́jú àáyá 10 gbọ́dọ̀ ní àgọ́ irin nínú tí yóò dáàbò bo awakọ̀. Dodge mú lẹ́tà náà, wọ́n fi polówó ọjà.

Owó wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká pín in. Dọ́là 84,995 lórí ẹṣin 840 jẹ́ nǹkan bí dọ́là 101 fún ẹṣin kan. Ti Hellcat àkọ́kọ́ jẹ́ dọ́là 85. Bugatti Chiron, tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹṣin 1,500 tí owó rẹ̀ sì súnmọ́ mílíọ̀nù dọ́là mẹ́ta, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là ni wọ́n ń san fún ẹṣin kan nígbà náà. Mi ò sọ pé ọkọ̀ méjèèjì dọ́gba, Bugatti ní iṣẹ́ ọwọ́ tí Dodge kò ní, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá agbára nìkan mọ ibi tí yóò kọrí sí. Nínú dọ́là 84,995 yẹn, 1,700 jẹ́ owó-orí tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà lórí ọkọ̀ tó bá ń mu epo jù, èyí tí òfin ọdún 1978 gbé kalẹ̀. Owó ìgbékọ̀ láti Brampton ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ṣe é, jẹ́ dọ́là 1,095 lórí ìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 86,090.

Ohun kan wà nínú ìwé iye owó náà tí mo rò pé ó sọ ọkàn àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí. Wọ́n yọ àga iwájú ti èrò kúrò, wọ́n yọ àga ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́: ìwọ̀n pọ́ùn 58 lọ pẹ̀lú tiwájú, 55 pẹ̀lú tẹ̀yìn. Èèyàn kan ṣoṣo ló lè jókòó nínú ọkọ̀ bó ṣe wá láti fákítórì. Ẹni tó bá fẹ́ àga iwájú padà, dọ́là kan. Àga ẹ̀yìn, dọ́là kan. Àpótí irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Demon Crate náà, dọ́là kan ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tó mọ epo ìje wà, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kí 808 tó di 840, ríìmù iwájú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì fún ọjọ́ ìje, jáàkì, àti ẹ̀rọ ìtúnọ́ọ̀tì. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn máa ń gba ẹgbẹ̀rún dọ́là lórí àwọ̀ ọkọ̀ lásán. Dodge lè gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí àpótí yìí, wọn yóò sì rí ẹni san án. Wọn kò gbà á, torí pé wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò gbé e lọ sórí pápá.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Owó tí ilé-iṣẹ́ bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹlòmíràn ni yóò mú un.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kì í ta ọkọ̀ tuntun fún aráàlú ní tààrà bó bá ti ní alágbàtà. Òfin ìpínlẹ̀ púpọ̀ jù lọ kò gbà á láyè. Alágbàtà ló ń ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ọkọ̀ náà di tirẹ̀, ó sì lè tà á ní iye tó bá wù ú. Ìwé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ tuntun, Monroney ni wọ́n ń pè é, orúkọ Mike Monroney tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ láti Oklahoma, tó gbé òfin náà lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1958. Ṣáájú ìgbà náà, oníbàárà kì í mọ iye tí ilé-iṣẹ́ kọ; ohun tí alágbàtà bá pè ni. Òfin 1958 mú kí iye náà hàn, ó sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti yọ ìwé náà kí oníbàárà tó gba ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àbá ni iye orí rẹ̀. Òfin kò sọ pé kí alágbàtà má kọjá rẹ̀. Nítorí náà, àwọn alágbàtà máa ń lẹ ìwé kejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n á kọ «àtúnṣe ọjà» sí i, pẹ̀lú iye tí wọ́n bá fẹ́. Àwọn ará wa tó ra ọkọ̀ tuntun ní Houston tàbí Maryland láàárín 2021 sí 2022, nígbà tí ọ̀wọ́n tó bá ẹ̀yà kọ̀ǹpútà dín ọkọ̀ kù lọ́jà, mọ ìwé kejì yìí bí ẹni mọ owó. Ẹni tó bá ti ra epo nínú jálákàn lẹ́nu géètì ilé-epo tí iye ìjọba ṣì wà lójú ẹ̀rọ rẹ̀ ti lóye gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tán.

Kí ni Dodge wá ṣe sí ti Demon? Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo alágbàtà ló rí i gbà. Ẹni tí kò bá ta ju Hellcat kan lọ láàárín ọdún tó ṣáájú kò sí nínú ìpín. Èyí bọ́gbọ́n mu, torí ẹni tí kò mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè tọ́jú oníbàárà tó rà á. Ìkejì, ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ oníbàárà lórí, kí alágbàtà má baà kó Demon jọ sí ọgbà kó wá máa ta á bí ẹní ta wúrà. Oníbàárà náà buwọ́ lu ìwé pé òun mọ ohun tí òun ń rà, títí kan ọ̀rọ̀ táyà tí kò yẹ kí èèyàn gbé sáré lórí omi. Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù: ọkọ̀ tí wọ́n bá tà ní iye orí gíláàsì tàbí tí ó kéré sí i ni fákítórì yóò kọ́kọ́ ṣe. Èyí tí alágbàtà bá gbé owó lé, ẹ̀yìn ìlà ló ń lọ.

Tim Kuniskis, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka náà nígbà yẹn, kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, kò fi ṣe àṣírí láàárín òun àti àwọn alágbàtà. Mo rò pé ìkéde yẹn gan-an ní agbára tirẹ̀. Oníbàárà tó bá jókòó níwájú alágbàtà lè sọ pé: «Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá gbé ẹgbẹ̀rún ogún lé e, ẹ̀yìn ni ọkọ̀ mi yóò wà.» Ṣáájú èyí, kò ní ohun kankan lọ́wọ́ ju pé kó bẹ̀bẹ̀ tàbí kó dìde.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Fún àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ni. Alágbàtà wà tó ta gbogbo tirẹ̀ ní iye tó wà nílẹ̀, àwọn oníbàárà wọn ni ọkọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, orúkọ alágbàtà bẹ́ẹ̀ sì kàn láàárín àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ alágbára. Fún àwọn mìíràn, rárá. Ìpolówó Demon tó lé ní dọ́là 100,000 kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa sì wà níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀yìn ìlà kò jìnnà. Fákítórì Brampton bẹ̀rẹ̀ sí í kó Demon jáde ní ọdún 2017, Demon tó kẹ́yìn sì jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Ìyà tí wọ́n fi jẹ alágbàtà olójúkòkòrò kò ju oṣù mélòó kan lọ. Ẹni tó ń retí èrè ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún dọ́là lórí ọkọ̀ kan lè dúró oṣù mẹ́fà láìráhùn. Ká ní wọ́n sọ pé ẹ̀yìn ìlà lè má rí ọkọ̀ rárá ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀, ṣùgbọ́n òfin tó ń dáàbò bo alágbàtà ní àwọn ìpínlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fàyè sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ láti fi iye owó jẹ ẹnikẹ́ni níyà tó bẹ́ẹ̀.

Ihò kejì tún wà: ẹni tó rà á ní 84,995 lóòótọ́ lè tún un tà lọ́jọ́ kejì. Ford gbìyànjú láti dí irú ihò yìí lórí Ford GT, ọkọ̀ tirẹ̀ tó wọ́n ju Demon lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ rà á kọ lẹ́tà ìbéèrè, wọ́n sì mú kí ẹni tí wọ́n bá yàn buwọ́ lu àdéhùn pé òun kò ní tà á fún ọdún méjì. Nígbà tí John Cena, eléré ìjàkadì, ta tirẹ̀ kí ọdún méjì tó pé, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ní 2017, wọ́n sì parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Dodge kò gba ọ̀nà yẹn. Mi ò bá wọn wí. Ọkọ̀ tí èèyàn fi owó ara rẹ̀ rà, tirẹ̀ ni, kò sì yẹ kí ilé-iṣẹ́ máa tẹ̀ lé oníbàárà dé ilé lórí ohun ìní rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ Demon wọ inú ilé ìkọ́kọ̀sí, wọ́n da aṣọ bò ó, ọ̀rá fákítórì ṣì wà lára àga rẹ̀. Wọ́n ń jáde níkọ̀ọ̀kan ní gbàǹjo pẹ̀lú máìlì tí kò tó nǹkan lójú ẹ̀rọ, wọ́n sì ń ta ju iye àkọ́kọ́ lọ.

Èyí dùn mí. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gba gáàsì éè-sì fún kí ó lè tutù láàárín ìje méjì, tí kò sì ní sáré ìje kankan láyé rẹ̀! Òróró á sun sísàlẹ̀, táyà á gan, rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Àwọn tó ṣe é kò ṣe é fún ìyẹn.

Àwọn alágbàtà ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn náà ló ń ta àwọn ọkọ̀ Dodge tí kò yá lọ́jà láti ọdún dé ọdún, tí àwọn ń san èlé báńkì lórí wọn bí wọ́n ṣe jókòó sí ọgbà. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá wá dé tí ogún èèyàn ń fẹ́, kí ló dé tí èrè rẹ̀ yóò fi jẹ́ ti ẹni tó bá tún un tà lọ́la, tí kò jẹ́ ti àwọn? Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo gbà pé láàárín alágbàtà àti ẹni tó fẹ́ kàn tún un tà, kò sí ìyàtọ̀ kankan tó kàn mí. Ẹni tọ́rọ̀ kàn ni ẹnì kẹta: ẹni tó ti ń fi owó pamọ́ látìgbà tí Hellcat ti jáde, tó ní ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún lọ́wọ́, tí kò sì ní ẹgbẹ̀rún ọgọ́fà. Òun ni Dodge ṣe iye yẹn fún. Ìlà tí wọ́n tò ni ohun kan ṣoṣo tó dáàbò bò ó, bó ti wù kí ìlà náà kúrú tó.

Ẹ̀bi Dodge wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mi ò ní bò ó. Àwọn ló yàn 3,300. Challenger ni wọ́n ń ṣe ní Brampton lójoojúmọ́ nígbà náà, wọn ì bá ṣe Demon ju bẹ́ẹ̀ lọ ká ní wọ́n fẹ́. Wọ́n kéde pé kò ní kárí, wọ́n sì tún ń rọ àwọn alágbàtà pé kí wọ́n má tà á bí ohun tí kò kárí. Ọ̀wọ́n náà jẹ́ ara ìpolówó wọn: ó mú kí àwọn ìwé ìròyìn kọ̀wé, ó mú kí èèyàn wá wo ọgbà Dodge, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbé Challenger onísílíńdà mẹ́fà lọ sílé. Ilé-iṣẹ́ jẹ èrè ọ̀wọ́n náà ní ọ̀nà tirẹ̀, kó tó di pé alágbàtà jẹ ẹ́ ní ọ̀nà tiwọn.

Demon tó kẹ́yìn, wọn kò gbé e fún alágbàtà kankan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Dodge Viper tó kẹ́yìn, wọ́n sì gbé méjèèjì lọ sí gbàǹjo Barrett-Jackson ní Connecticut. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n tà á, gbogbo owó náà sì lọ sọ́dọ̀ àjọ aláàánú United Way.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tún padà sórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ní Las Vegas, Dodge fi Demon 170 hàn: supercharger lítà 3.0, ìfúnpá afẹ́fẹ́ 21.3 psi, agbára ẹṣin 1,025 lórí epo E85 tí ọtí ethanol pọ̀ nínú rẹ̀, 900 lórí epo lásán. Ìṣẹ́jú àáyá 8.91 ló fi sá ìdámẹ́rin máìlì. NHRA tún kọ lẹ́tà. Iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 96,666, ó sì di 100,361 lẹ́yìn owó-orí epo àti owó ìgbékọ̀. Bí ẹ bá pín in, dọ́là 94 ni ẹṣin kan, ó dín sí ti 2018, bẹ́ẹ̀ sì rèé gbogbo nǹkan ti gbówó lórí láàárín ọdún márùn-ún yẹn. 3,300 náà ni wọ́n tún pè. Kuniskis náà ló tún wà lórí àga, ó sì tún sọ ohun tó sọ tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá san iye orí gíláàsì tàbí tó kéré sí i ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ìlà lẹ́rù ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Brampton ń parí Challenger pátápátá ní ìparí ọdún náà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá wà lẹ́yìn kò lè dá a lójú pé àkókò kò ní tán kí ó tó kàn án. Ìpolówó olówó gọbọi ṣì wà, ṣùgbọ́n oníbàárà tó jókòó sí iwájú tábìlì ní ohun gidi tó lè fi dáhùn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2023, Challenger tó kẹ́yìn jáde ní fákítórì náà. Demon 170 ni, dúdú láti iwájú dé ẹ̀yìn.